Àpótí Asọ̀rọ̀mágbèsì: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò sí Ọjà Rédíò Àtijọ́

Ọjọ́bọ̀, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n mi ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó kúrò níbi iṣẹ́ lónìí. Ìbéèrè kan náà ló ń bi mí: "Ṣé o ti ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì?" Ẹni tó bá gbọ́ á rò pé ọdẹ òru la fẹ́ lọ. Ọjà là ń lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn tó ń kó rédíò àti tẹlifíṣàn àtijọ́ jọ máa pàdé ní Warwickshire, lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Fosse Way. Àwọn kan á tà, àwọn kan á rà, àwọn mìíràn á fi tọwọ́ wọn ṣe pàṣípààrọ̀. National Vintage Communications Fair lorúkọ ọjà náà. Ẹgbẹ́ British Vintage Wireless Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ló ń bójú tó o. Tọ́ọ̀ṣì ò ṣeé fi sílẹ̀, torí ẹ̀yìn rédíò ni èèyàn ti ń mọ̀ bóyá ó pé. Iwájú ẹ̀ lè máa dán gbinrin kí inú ẹ̀ ṣófo.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n tí mò ń wí yìí. Kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù wá wa bọ́ọ̀sì, ọdún mẹ́rin gbáko ló fi kọ́ṣẹ́ títún rédíò ṣe ní Ògùnpa, n'Íbàdàn. Èmi ò kọ́ṣẹ́ ọ̀hún rárá. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú áyọ̀n tí wọ́n fi ń yọ́ sóódà lọ́wọ́ kó má jó wáyà, òun ló sì kọ́ mi pé kí n máa fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn tí mo bá ń wo ohun tí iná wà lára ẹ̀, kí iná má baà gba àyà kọjá.

Mo pe bàbá mi n'Íbàdàn kí n tó sùn. Ẹni ọdún 86 ni wọ́n. Mo ní, "Bàbá, a fẹ́ lọ ra rédíò àtijọ́ lọ́jọ́ Àìkú o." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Rédíò wo? Ṣé èyí tí wọ́n ń wá gba owó ẹ̀ lóṣooṣù?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, Dulwich

Dulwich ò jìnnà sí wa. Ilé kan wà ní Rosendale Road tó jẹ́ pé tí èèyàn bá dúró síta, kò yàtọ̀ sí ilé àwọn aládùúgbò. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, British Vintage Wireless and Television Museum. Èèyàn kì í ṣàdédé yà síbẹ̀, mo ti pè wọ́n ṣáájú. Gerald Wells ló dá a sílẹ̀ ní 1974, nínú ilé tí wọ́n ti bí i ní 1929. Ó kú ní 2014. Rédíò tó kó jọ lé lẹ́gbẹ̀rún. Wọ́n kún inú ilé, wọ́n sì ṣàn jáde dé ẹ̀yìnkùlé, ahéré onípákó tẹ̀lé ahéré onípákó, tó fi jẹ́ pé ńṣe lèèyàn ń fẹ̀gbẹ́ rìn.

Tẹlifíṣàn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé wọ́n ń ṣí ìdérí ẹ̀ sókè bí àpótí aṣọ ni, dígí sì wà nínú ìdérí náà. Ìdí ẹ̀ rèé: láàárín 1936 sí 1939, ìgò tí àwòrán ń hàn lójú ẹ̀ gùn púpọ̀. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó máa gba pálọ̀. Wọ́n wá nà án ró nínú àpótí, ojú ẹ̀ kọ sí àjà, dígí ló sì ń fi àwòrán han àwọn tó jókòó. Mo dúró síwájú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo ń rò ó pé ẹnì kan jókòó ro èyí títí tó fi yanjú.

Ṣùgbọ́n Bush TV22 ló mú ọkàn mi. Ní 1950 ló jáde. Ike dúdú rẹ́súrẹ́sú líle tí wọ́n ń pè ní Bakelite ni gbogbo ara ẹ̀, ojú ẹ̀ kò ju íńṣì 9 lọ. Ẹni tó ń mú wa káàkiri tàn án. Fún bí ìṣẹ́jú kan, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà la rí i láti ẹ̀yìn tí àwọn fáàfù, ìyẹn ìgò kéékèèké tó ń mú rédíò àtijọ́ ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹyin iná tí wọ́n fẹ́ lójú. Òórùn eruku gbígbóná jáde. Ohùn ló kọ́kọ́ dé, àwòrán ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó kéré, ó ń gbọ̀n, ó sì fẹ̀ títí tó fi kún ojú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí àpótí náà. Ó ní, "Ó gbóná bí ara ọmọ tó ń sùn."

Ó wá sọ ohun tí mi ò mọ̀. Ní gbogbo ọdún tó fi kọ́ṣẹ́, kò rí tẹlifíṣàn onífáàfù tó ń ṣiṣẹ́ rí. Táńsítọ̀, ohun kékeré tó gba ipò fáàfù, ti gba ayé kó tó dé Ògùnpa. Tí wọ́n bá rí onífáàfù, wọ́n á ti tú u, wọ́n á mú tiransifọ́mà àti sípíkà ẹ̀, wọ́n á sì kó ìyókù fún àwọn oníkọ́ńdẹ́mù.

Tẹlifíṣàn irú èyí ò lè gba ohun tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ lónìí. Àwòrán onílà 405, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ìlà 405 tò jọ, ló mọ̀. Irú àwòrán yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sáfẹ́fẹ́ láti Alexandra Palace ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá 1936, wọ́n sì pa á tì pátápátá ní oṣù Kìíní 1985. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ nílé ní láti wá ẹ̀rọ kékeré kan tó máa yí àwòrán òde òní padà sí ìlà 405. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ló dé tí wọ́n ń ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n lè gbé e sílẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Rédíò tí kò lè sọ̀rọ̀, pákó ni. Èyí tó bá lè sọ̀rọ̀ ni mò ń wá, ìbáà jẹ́ pé ara ẹ̀ ti họ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Daventry

Aago mẹ́jọ la kúrò nílé. Aya mi di mọ́ínmọ́ín eléwé mẹ́jọ fún wa pẹ̀lú fúláàsì tíì méjì, torí kò fọkàn tán oúnjẹ ojú ọ̀nà. A gba M1, a yà ní oríta 16, a kọjá Weedon. Nínú pápá kan nítòsí ibẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì 1935, Watson-Watt àti Wilkins, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, fi ìgbì rédíò mọ ibi tí ọkọ̀ òfuurufú wà. Ohun tó di rédà nìyẹn. A ò dúró níbẹ̀. Òkè kan tó ń jẹ́ Borough Hill ni mo fẹ́ dé, lẹ́yìn ìlú Daventry.

Ẹ̀gbọ́n ò kọ́kọ́ fẹ́ kí a yà. Ó ní òkè wo ni, kí ló wà níbẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún mi ní wákàtí kan péré.

Koríko ló kún ibẹ̀, afẹ́fẹ́ sì mú. Àwọn èèyàn ń mú ajá wọn rìn. Òpó kan ṣoṣo ló dúró lókè níbi tí òpó ti pọ̀ nígbà kan bí igi ọ̀pẹ nínú oko. Ibí ni BBC ti bẹ̀rẹ̀ Empire Service ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 1932, lórí ṣọ́ọ̀tì wéèfù, kí wọ́n lè máa bá gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Ibí ni ohùn ti ń fò lọ sí Èkó, nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Ní 1935, ìjọba amúnisìn dá Radio Distribution Service sílẹ̀ l'Ékòó. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ńlá gba ohùn tó ti Daventry wá, wọ́n sì ń fi wáyà pín in káàkiri ilé bí wọ́n ṣe ń pín omi ẹ̀rọ. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á ní kí wọ́n gbé àpótí kan wá sílé òun, á sì máa san owó ẹ̀ lóṣooṣù. Rediffusion làwọn èèyàn wa ń pè é.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè bàbá mi ti wá. Rédíò tí wọ́n mọ̀ ní kékeré kò ní fáàfù, kò ní bátìrì, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè yí i sí iléeṣẹ́ mìíràn. Sípíkà kan ni nínú àpótí, pẹ̀lú kókó kan tí wọ́n fi ń yí ohùn ẹ̀ sókè sódò. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti orí wáyà lo máa gbọ́. Tí kò bá wù ọ́, o lè dín ohùn ẹ̀ kù. Agbára tí o ní lórí ẹ̀ mọ síbẹ̀.

Lórí òkè yẹn, nínú òtútù, mo sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀gbọ́n tó ti ń yí nínú mi láti Ọjọ́bọ̀. Mo ní ẹ gbọ́ orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ ọ́: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé àpèjẹ́ lásán ni, bí ìgbà tí èèyàn ń kì ẹ̀rọ. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ti rí i kedere. Ẹnì kan jókòó sí ọ̀nà jíjìn, ó ń sọ̀rọ̀ sínú yàrá rẹ, o ò sì lè dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Awólọ́wọ̀ dá wọn lóhùn."

Òótọ́ ni. Ní 1953, nígbà tí ọ̀rọ̀ òmìnira dá ìjà sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀, Gómìnà Macpherson lọ sórí rédíò ìjọba, ó bẹnu àtẹ́ lu Awólọ́wọ̀ àtàwọn èèyàn ẹ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun náà fèsì lórí rédíò yẹn. Wọ́n kọ̀. Ẹni tí wọ́n kọ̀ fún kò gbàgbé. Wọ́n tún òfin ṣe ní 1954 tí ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Awólọ́wọ̀ ń darí, fi lè ní rédíò tiwọn, nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, Western Nigeria Television bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láàárín àwọn ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ Overseas Rediffusion ló bá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dòwò pọ̀ láti gbé e dìde. Àwọn kan náà tí orúkọ wọn wà lára àpótí onísípíkà ni.

A jẹ mọ́ínmọ́ín méjì méjì nínú ọkọ̀, ojú fèrèsé kún fún ooru ẹnu wa. Ẹ̀gbọ́n ò tún bi mí mọ́ pé kí ló wà lórí òkè. A gba ọ̀nà A425 kọjá Southam, a sùn sí Leamington Spa.

Ọjọ́ Àìkú, Fosse Way

Àwọn èèyàn ti tò kí a tó dé. Àgbà ló pọ̀ jù, ọkùnrin ló pọ̀ jù, ẹlòmíràn mú kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù lọ́wọ́, ẹlòmíràn mú báàgì oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń lọ sọ́jà. Àwa nìkan ni aláwọ̀ dúdú tí mo rí lórí ìlà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fáàfù kì í béèrè àwọ̀. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ẹ̀gbọ́n àti bàbá òyìnbó kan ti ń bá ara wọn jiyàn lórí irú tiransifọ́mà tó máa ń tètè jóná.

Nígbà tí a wọlé, mo kọ́kọ́ dúró. Tábìlì tẹ̀lé tábìlì títí dé ògiri, rédíò lórí ẹ̀, rédíò lábẹ́ ẹ̀. Páálí kún fún fáàfù Mullard, tí wọ́n ṣe ní Blackburn, tí wọn ò tíì lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Wáyà onírun aṣọ wà níbẹ̀, ìwé àlàyé tó ti pọ́n lẹ́tí wà níbẹ̀, kókó rédíò kún inú garawa bí ẹni ń ta agbálùmọ̀. Òórùn kan wà nínú gbọ̀ngàn náà tí mi ò lè gbàgbé, òórùn àtíkè pákó, ìda àti eruku gbígbẹ. Yàrá bàbá àgbà wa tí wọ́n kì í jẹ́ kí a wọ̀ ló ń rùn bẹ́ẹ̀.

Ekco AD65 kan wà lórí tábìlì tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Rédíò tó rí rogodo bí àwo ni. Wells Coates ló ya bó ṣe máa rí, 1934 ló jáde. Ẹlòmíràn á sọ pé òun ni arẹwà jù láàárín gbogbo rédíò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mi ò sì ní bá a jiyàn. Owó tí wọ́n pè é tó owó ilé mi fún oṣù kan. Mo wò ó dáadáa, mo kí ẹni tó ni ín, mo kọjá.

Lápá ọ̀tún, a rí rédíò iléeṣẹ́ Pye kan tí wọ́n gbẹ́ àwòrán oòrùn tó ń yọ láàárín ìkùukùu sí ojú sípíkà ẹ̀. Ẹni tó ń tà á sọ ìtàn kan fún wa. Ní 1948, Pye tún fẹ́ fi àwòrán oòrùn yẹn sára rédíò tuntun kan. Àwọn èèyàn fárí gá. Ogun Àgbáyé Kejì ò tíì pẹ́ tó parí, àwọn tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Jàpáánì dé láti àhámọ́ rí oòrùn onítànṣán náà, àsíá ọ̀tá ni wọ́n rí. Iléeṣẹ́ náà kó o kúrò lọ́jà, wọ́n sì fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi orí. Ó ní bàbá àgbà ìyá òun wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ jà ní Bọ́mà. "Òun náà ò ní gbà á wọlé." Bàbá tó ń tajà wò ó, ó béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni àwọn ará Nàìjíríà jà ní Bọ́mà. Ẹ̀gbọ́n jókòó tì í. Odidi ìdajì wákàtí ni mo fi dá ọjà wò.

Bush DAC90A ni mo fẹ́ ra, mo sì rí mẹ́rin. Rédíò onífáàfù márùn-ún ni, ìrísí ẹ̀ mọ́ níwọ̀n, wọ́n ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀ láti 1950, nítorí náà kò wọ́n. Ọ̀kan wà tó ń dán bí bàtà ìgbéyàwó. Ẹni tó ń tà á ní ó ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n tàn án gbẹ̀yìn. Nínú ọjà yìí, gbólóhùn yẹn ni mo máa ń sá fún jù. Ẹnì kan ti lè kì í bọ iná láìyẹ̀ ẹ́ wò, kó sì ti jó ohun tí kò yẹ kó jó. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ta tèmi. Ó ní rédíò ọkọ òun ni, ó ti wà lókè àjà fún ọdún pípẹ́, òun ò fi iná kàn án rí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ̀. Òwú aláǹtakùn nìkan ni mo rí, kò sí ẹni tó tú u rí, fáàfù márààrún jókòó sípò wọn: UCH42, UF41, UBC41, UL41, UY41. Bakelite ò sán. Ó ní 35 pọ́n-ùn. Mo ní 25. Ó ní, "Ṣé ẹ máa tún un ṣe ni, àbí ẹ máa tú u?" Mo ní a máa tún un ṣe. Ó ní kí n mú 25 wá. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ kan wé e fún mi bí ẹni wé ọmọ.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n pè mí. Kò pariwo. Ó kàn pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì nàka sísàlẹ̀ tábìlì kan tí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Páálí wáyà ló wà níbẹ̀. Láàárín wáyà, àpótí pákó kékeré kan wà, aṣọ bíi àpò ìrẹsì ló bo ojú ẹ̀, kókó kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀. Mo fà á jáde. Wọ́n kọ Rediffusion sí i.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí náà wọ́n lò ó, ọ̀pọ̀ ìlú ni wọ́n ti fi wáyà pín rédíò sílé fáwọn tí kò lówó rédíò gidi. Àwọn tó ń kó rédíò jọ kì í sábà fẹ́ ẹ torí kò ní fáàfù, kò sí ohun tí wọ́n máa tún ṣe lára ẹ̀. Mo béèrè iye ẹ̀. Ọkùnrin náà wo ojú mi, ó wo páálí. Ó ní pọ́n-ùn márùn-ún, kí n sì kó wáyà mọ́ ọn.

Mi ò ná an.

Ọjọ́ Ajé, Peckham

A délé lóru. Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó fọ ẹnu.

DAC90A la kọ́kọ́ dojú kọ. Rédíò yìí ò ní tiransifọ́mà tó máa ya irin inú ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iná ìlú. Tí wọ́n bá di wáyà ẹ̀ sódì, gbogbo irin tí wọ́n kan fáàfù mọ́ á máa gbé iná. Síkúrù kékeré tó di kókó rédíò mú náà á máa gbé e, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìda dí ihò ẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Ìda tiwa ti re. Ẹ̀gbọ́n yọ́ àbẹ́là díẹ̀, ó tún un dí kó tó ṣe nǹkan mìíràn.

Lẹ́yìn náà la wá kapásítọ̀ kan. Àwọn tó ń ṣeré yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í pè é lórúkọ, "èyí yẹn" ni wọ́n ń pè é, gbogbo wọn sì mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Òun ló wà láàárín UBC41 àti UL41. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó jẹ́ kí ohùn kọjá, kó sì dá iná ńlá dúró. Bébà tí wọ́n rì sínú ìda ni wọ́n fi ṣe é. Lẹ́yìn ọdún gbọgbọrọ, ó ti fa ọ̀rinrin mu, iná ti ń jò gba inú ẹ̀. Tí o bá tan rédíò bẹ́ẹ̀, UL41 á máa fa iná ju agbára ẹ̀ lọ. Rédíò á sọ̀rọ̀, inú rẹ á dùn, láàárín wákàtí kan fáàfù ti kú, tiransifọ́mà sípíkà náà lè bá a lọ. Mo gé e jáde, mo fi tuntun sí i. Sóódà náà yọ́, ó ràn, ó dán. Ẹ̀gbọ́n wò ó, kò sọ nǹkan kan. Lọ́dọ̀ rẹ̀, oríyìn nìyẹn.

Ó wá yọ gílóòbù 60 wáàtì kan nínú àpò ẹ̀, irú ti àtijọ́ tó ní okùn wáyà nínú, ó so ó sáàárín iná àti rédíò. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Ohun tí àwọn ọ̀gá ń ṣe ní Ògùnpa ni àwọn òyìnbó tó wà ní Fosse Way lánàá náà ń ṣe, ọ̀nà kan náà, gílóòbù kan náà. Tí nǹkan bá ti bàjẹ́ nínú rédíò, gílóòbù á tàn gan-an, òun ló máa gba ìyà náà, rédíò ò ní jó. Tí ara rédíò bá dá, gílóòbù á tàn lẹ́ẹ̀kan, á sì rọ̀.

Ó tàn. Ó rọ̀.

A ń wo fáàfù. Ọ̀kan pọ́n, èkejì tẹ̀lé e, ìmọ́lẹ̀ kékeré mú ojú gíláàsì tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí. Ohùn kan jáde tó ń hó bí omi lórí iná. Mo yí i díẹ̀díẹ̀. Iléeṣẹ́ tó wà lórí mídíọ̀mù wéèfù ń dín kù lọ́dọọdún, ibi tó dákẹ́ ju ibi tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè Sípéènì, ohùn ẹ̀ gbòòrò, ó rọ̀, kò há bíi ti fóònù. A ò gbọ́ ohun tó ń sọ. A jókòó gbọ́ ọ títí tó fi parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Peckham

Iṣẹ́ òru ni ẹ̀gbọ́n ní lónìí, ṣùgbọ́n ó yà kó tó lọ. Àpótí Rediffusion wà lórí tábìlì ìjẹun. Mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku aṣọ ojú ẹ̀. Sípíkà ẹ̀ ò ya. Tiransifọ́mà kékeré kan wà nínú ẹ̀, torí iná ohùn tó ń gba orí wáyà nígbà náà lágbára ju èyí tó ń jáde lára fóònù lọ. Ẹ̀gbọ́n fi áńpílífáyà kékeré kan sáàárín pẹ̀lú tiransifọ́mà mìíràn tó yí sódì, a sì so fóònù mi mọ́ ọn. Mo ṣí iléeṣẹ́ rédíò kan n'Íbàdàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wá fi fóònù aya mi pe bàbá mi, mo gbé kámẹ́rà sí àpótí náà.

Àbúrò mi ló bá wọn di fóònù mú lọ́hùn-ún. Wọ́n sún mọ́ ọn títí tó fi jẹ́ iwájú orí wọn nìkan ni mò ń rí.

"Gbé e sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n." Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Tiwa ò rí báyìí gan-an. Tiwa dúdú jù bẹ́ẹ̀. Orí ògiri ni wọ́n gbé e kọ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni gbogbo agbo ilé ń wá jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́. Tí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ọmọ tó máa ké." Wọ́n dákẹ́. "Kókó yẹn ni mo mọ̀. Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "A ò tíì tàn án, sà. Ẹ̀yin là ń dúró dè."

"Yí i sí ọwọ́ ọ̀tún. Rọra o. Ó máa kọ́kọ́ dún kọ́, bí ẹni fi èékánná kan pákó, kó tó sọ̀rọ̀. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ kọ́ yẹn láti ẹ̀yìnkùlé, màá ti sáré wọlé."

Mo mú kókó náà. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ síwájú. Mo rọra yí i sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ó dún kọ́.